Ẹja Tí Kì í Léfòó: Ìdí Tí A Fi Ń Ṣa Àrọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Ẹja tó bá kú nínú táńkì máa ń léfòó. Ẹni tó ni ín á rí i láàárọ̀, á fi àwọ̀n gbé e, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀kan ti lọ. Ẹja tí ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé mì kì í léfòó. Kò ní òkú, kò ní òórùn, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta á kọjá, wọ́n á fa omi táńkì gbẹ láti kó ẹja lọ sí ibòmíràn, wọ́n á kà á títí, ẹja 1,000 tí wọ́n kó síbẹ̀ á ti di 600. Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ iṣẹ́ ti jí ẹja tà, ẹni tó ta ọmọ ẹja kò kà á pé, ẹyẹ ti kó o lọ, ọwọ́ ayé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé olè wà, ẹyẹ wà, awọ́nrínwọ́n náà sì wà. Ṣùgbọ́n kí a tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ikùn ẹja tó tóbi jù nínú táńkì náà.

Ní agbègbè Agric ní Ìkòròdú, láti Owútù dé Ìṣawo, àti lójú ọ̀nà Ṣágámù níbi tí Farm Settlement Odogunyan àti ọgbà ẹja ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà, àrọ̀ sínsìn ti di iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì jọ ń ṣe. Ẹni tí kò ní ju ẹ̀yìnkùlé lọ á mọ táńkì kọnkéré méjì síbẹ̀. Ẹni tí ilé kì í ṣe tirẹ̀ á ta tápólì sórí pákó, kó lè tú u lọ́jọ́ tí onílé bá ní kó máa lọ. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ ọ̀sà, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó tó lè gbẹ́ adágún sínú rẹ̀, ọjà ẹja Olúwo sì wà nítòsí tí yóò ti rí oníbàárà.

Àwọn onímọ̀ ń pe ẹja yìí ní Clarias gariepinus. Kò sí ẹja tí a ń sìn tó o ní Nàìjíríà, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ń sìn ín tó wa ní gbogbo àgbáyé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Yàtọ̀ sí ibi tí ẹja yòókù fi ń mí nínú omi, àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibẹ̀, tó pẹ̀ka bí igi, tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè kú nínú omi tí yóò pa ẹja mìíràn. Ó ń yára dàgbà: láàárín oṣù 5 sí 6, èyí tí a tọ́jú dáadáa lè wọn kílò kan. Kì í sì í ṣàṣàyàn oúnjẹ. Ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ ekòló, ó ń jẹ òkú ẹran, ó ń jẹ fíìdì oníhóró. Àìṣàṣàyàn yìí ló ń mú èrè wá fún ẹni tó ń sìn ín. Òun náà ló ń mú àdánù wá, nítorí lójú àrọ̀, àbúrò tó bá ti wọ ẹnu kò yàtọ̀ sí ekòló.

Iṣẹ́ tó ń dènà èyí ni ṣíṣà, tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń pè ní sọ́tìn: kí a kó ẹja jáde, kí a pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tóbi tó, kí a sì dá ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sí táńkì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Díẹ̀ ló ń ṣe é kó tó pẹ́ jù. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rí ẹja tí ìrù rẹ̀ ti já kó tó ronú ṣíṣà ti ń ṣa ìyókù. Ṣíṣà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ṣe ní wákàtí tirẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà

Ohun tó máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo ẹja yìí dé ayé. Gíráàmù ẹyin àrọ̀ kan ṣoṣo lè ní ẹyin 600 sí 700 nínú, abo kan tó sanra sì lè gbé ẹyin tó ju 50,000 lọ sínú. Ìyá kan, bàbá kan, omi kan. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin á pa láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ tí ìyá fi sínú ẹyin ni ọmọ á máa jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnu rẹ̀ á là fún oúnjẹ ìta. Ní ọjọ́ yẹn, kò wọn ju mìlígíráàmù 2 sí 3 lọ. Bó bá rí oúnjẹ tó dára, á súnmọ́ gíráàmù kan kó tó pé oṣù kan. Èyí já sí pé ó ti tóbi ní ìlọ́po ọ̀ọ́dúnrún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ìdàgbàsókè tó yára báyìí ni ìyàtọ̀ ti ń wá. Ọmọ ẹja kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láàárọ̀. Ìkejì rẹ̀ kò rí nǹkan jẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ti àkọ́kọ́ ti fẹ̀ díẹ̀, ó lè mú oúnjẹ tó tóbi díẹ̀, ó sì lágbára láti ti èkejì kúrò níbi tí oúnjẹ bá bọ́ sí. Lọ́jọ́ kẹta, àlàfo náà ti pọ̀ sí i. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìka kì í fi ara wọn sílẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ tí kò ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ á ti gùn ní ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àrọ̀ ń gbà jẹ àrọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń sìn ín mọ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, láti ìgbà tí ẹnu wọn ti là títí wọ́n fi gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà mẹ́rin àbọ̀, ìrù ni àgbà ń gbá mú. Á máa gbé èwe náà mì díẹ̀díẹ̀ títí dé ọrùn, níbi tí orí á ti há, á sì pọ orí náà sílẹ̀. Bí ẹ bá rí orí kéékèèké nísàlẹ̀ táńkì ọmọ ẹja, tàbí ọmọ ẹja tí ìrù rẹ̀ ti já tó sì ṣì ń wẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìwọ̀n yẹn, àgbà yí ọ̀nà padà. Orí èwe ló ń kọ́kọ́ gbá mú, á sì gbé e mì látòkèdélẹ̀. Kò sí orí tó ṣẹ́kù, kò sí egungun.

Ẹ wo bí nǹkan yìí ṣe rí. Nígbà tí ọmọ ẹja kò tíì jẹ fíìdì púpọ̀, tí owó tó wà lára rẹ̀ kéré, a máa ń rí ẹ̀rí. Nígbà tó ti jẹ fíìdì fún oṣù kan tàbí méjì, tí owó ti wà lára rẹ̀, ẹ̀rí á pòórá. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi ojú nìkan ṣọ́ táńkì fi máa ń rò pé ewu ti kọjá, lásìkò tí àdánù ń wúwo sí i.

Ohun tó ń bí ṣútà

Ṣútà ni orúkọ tí àwọn ọlọ́sìn ẹja fún èyí tó yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní jọ́ńpà. Àlejò tó bá wá wo táńkì, ṣútà ni yóò kọ́kọ́ yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irú ẹja ọ̀tọ̀ ni, pé bí a bá ti kó gbogbo ṣútà kúrò, àlàáfíà dé. Ẹ kó wọn kúrò lónìí, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì: àwọn mìíràn á ti yọrí láàárín àwọn tó dọ́gba tẹ́lẹ̀. Ipò ni ṣútà. Ẹni tó wà níbẹ̀ bá kúrò, ẹlòmíràn á gùn ún. Èyí kò sọ ṣíṣà di asán. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó, àti pé àwọn nǹkan kan wà tó ń mú kí ipò náà tètè ní ẹni tó ń dù ú.

Èkíní ni ebi. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ àrọ̀ ọlọ́sẹ̀ kan ní láti jẹun ní wákàtí méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, títí kan òru. Èyí tó ti di fíngálìn, ìyẹn ọmọ ẹja tó gùn tó ìka ọwọ́, ń fẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Àgbà lè fara mọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó fún ọmọ ẹja lóúnjẹ ní aago méje àárọ̀, tó wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó sì dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ti fi àwọn àgbà inú táńkì sílẹ̀ kí wọ́n wá oúnjẹ ọ̀sán fúnra wọn. Bí oúnjẹ ṣe ń bọ́ sómi náà ṣe pàtàkì. Bí a bá dà á sí ojú kan, àwọn alágbára á yí ibẹ̀ ká. Bí a bá fọ́n ọn káàkiri, aláìlágbára náà á rí tirẹ̀. Hóró fíìdì tó tóbi ju ẹnu àwọn kékeré lọ, àgbà nìkan ló ń bọ́. Bí ẹja ńlá àti kékeré bá jọ wà nínú táńkì kan, kò sí ìwọ̀n hóró kan tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ìkejì ni iye ẹja. Ó rọrùn láti rò pé bí ẹja bá ti dín, ìjà náà á dín. Àwọn olùwádìí tó ti fara balẹ̀ wo júfẹ́náì, ìyẹn àrọ̀ tó ti ju fíngálìn lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì dàgbà, rí i pé bí ẹja bá kéré jù nínú omi, olúkúlùkù á gba ibùdó tirẹ̀, á sì máa lé ẹni tó bá sún mọ́ ọn, wọ́n á máa gé ara wọn jẹ. Bí wọ́n bá pọ̀ díẹ̀ sí i, kò sí ẹni tó lè ṣọ́ ibùdó mọ́, wọ́n á kóra jọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ààlà. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ wọn àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù á mú kí amóníà pọ̀ nínú omi, oúnjẹ kò ní kárí, àwọn tí àárẹ̀ mú á sì di ẹran ìjẹ. Ẹni tó lè pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ lè kó ẹja púpọ̀ sí táńkì. Ẹni tó ń ra omi tàbí tó ń dúró de iná mànàmáná kó tó lè fa omi kànga ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wo iye ti ẹni ìṣáájú.

Ìkẹta ni ìmọ́lẹ̀. Ẹja òru ni àrọ̀. Táńkì tí oòrùn ń bá jà láti àárọ̀ dé alẹ́ kì í jẹ́ kí ó sinmi, ẹja tí kò sinmi sì ń bu ara wọn jẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí àwọ̀n dúdú tí a ta sórí táńkì ń fún wọn ní òjìji, ó tún ń dènà ẹyẹ, kì í sì í jẹ́ kí èyí tó bá fò nígbà òjò bọ́ sílẹ̀. Ibi ìsápamọ́ náà ń ran àwọn kékeré lọ́wọ́. Àwọn apẹja Ganvié lórí adágún Nokoué ní Benin ti mọ èyí tipẹ́: ẹ̀ka igi ni wọ́n ń gún sínú omi, tí wọ́n ń pè ní àkájà, kí ẹja kéékèèké lè rí ibi sá sí, kí wọ́n sì sanra níbẹ̀. Nínú táńkì ọmọ ẹja, gígé páìpù ike tàbí ojú oró díẹ̀ lójú omi lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Kí a ṣáà má jẹ́ kó pọ̀ dé ibi tí a kò ti ní lè gbálẹ̀ táńkì.

Kí ọwọ́ tó wọ omi

Ẹja tó yó kò ṣeé ṣà. Bí a bá kó o nígbà tí oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀, á bì í sínú báfù, omi á bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Nítorí náà, a óò dá oúnjẹ dúró kí ọjọ́ náà tó dé: fún fíngálìn àti júfẹ́náì, nǹkan bíi wákàtí 12, fún èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, ó lè tó wákàtí 24. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè fara da ebi tó bẹ́ẹ̀; oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré ni a óò fò fún wọn, nítorí ebi tó bá pẹ́ jù ni ohun tí à ń sá fún gan-an.

Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Kí a ti pọn omi sínú gbogbo báfù àti táńkì tí ẹja máa wọ̀, kí omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èyí tí wọ́n ti ń bọ̀. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú kànga jíjìn lè tutù ju bó ti yẹ lọ. Iyọ̀ ìsebẹ̀ díẹ̀ nínú omi báfù, bíi gíráàmù 1 sí 3 fún lítà kan, máa ń dín wàhálà ara ẹja kù. Àwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó rọ̀, tí kò ní kókó. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, awọ lásán ni, ọ̀rá tó ń yọ̀ lára rẹ̀ ni ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn. Ọwọ́ gbígbẹ ń bó ọ̀rá náà, nítorí náà ọwọ́ tútù ni kí a fi mú un. Kí ẹni tó ń mú un náà ṣọ́ra fún ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí ó ń gún ọwọ́.

Ihò asẹ́ dípò ẹnu

Fún àwọn ọmọ tó pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ojú àti ọwọ́ kò tó. Asẹ́ ni a ń lò: báfù ike tí a lu ihò sí nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí gbogbo ihò rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tàbí àpótí tí a to ọ̀pá wẹ́wẹ́ sí nísàlẹ̀. A óò gbé asẹ́ náà sínú omi dé ìdajì, a óò bu ẹja sínú rẹ̀, a óò sì dúró. Àwọn kékeré á wá ọ̀nà jáde fúnra wọn. Àwọn ńlá á ṣẹ́kù sínú. Kò sí ìdí láti mì í jìgìjìgì bí ẹni ń ku èlùbọ́.

Ìdí tí asẹ́ fi bá àrọ̀ mu ju ẹja mìíràn lọ ni pé orí ni ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀. Bí orí bá ti kọjá nínú ihò, gbogbo ara á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà rí: bí orí èwe bá ti wọ ẹnu, ìyókù ti tán. Ohun kan náà ni ihò asẹ́ àti ẹnu ṣútà ń wọ̀n. Nítorí náà, kí ẹni tó ń yan asẹ́ má ṣe yan èyí tó bá ṣáà wà nílé. Kí ó mú ẹja tó tóbi jù nínú ọ̀wọ́ tó fẹ́ tọ́jú pọ̀, kí ó wo ìwọ̀n ẹnu rẹ̀. Gbogbo èyí tí orí rẹ̀ bá lè gba ibẹ̀ kọjá kò gbọ́dọ̀ bá a gbé. Bí kò bá sí ohun èlò ìwọ̀n, òfin tó rọrùn ni pé kí ẹja kankan nínú táńkì má gùn tó ìlọ́po méjì èyí tó kúrú jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ní táńkì púpọ̀ lè ṣe é fínnífínní jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹja bá ti tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, a lè jọ̀wọ́ asẹ́, kí a fi ọwọ́ ṣà á. Ènìyàn mẹ́ta tó iṣẹ́ náà: ẹnìkan ń fi àwọ̀n bù ú, ẹnìkan ń pín in sí báfù ńlá, báfù àárín àti báfù kékeré, ẹnìkẹta ń kà á tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa bù ú, nítorí ẹja tó gun ara wọn lórí nínú báfù láìsí omi tó tó ń gún ara wọn lẹ́gùn-ún. Èyí tó bá ti bọ́ lára, tó ní egbò, tàbí tí irùn ẹnu rẹ̀ ti já, kí a yà á sọ́tọ̀. Kí a má dá a padà sáàárín àwọn tí ebi ń pa.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti wọ táńkì tuntun, kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí a tó fún wọn lóúnjẹ, kí oúnjẹ àkọ́kọ́ sì kéré. Fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí a máa wò wọ́n láàárọ̀ àti ní alẹ́. Bí a bá rí èyí tó dúró lóòró lójú omi, tàbí tí àmì funfun hàn lára rẹ̀, omi ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀. Àṣà kí a máa da oògùn apakòkòrò àrùn sínú omi lẹ́yìn gbogbo ìṣà, láìsí àrùn, láìsí ìmọ̀ràn dókítà ẹran, ń sọ àrùn di ohun tí oògùn kò ràn mọ́.

Ọjọ́ rẹ̀

Fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ ẹja láti inú ẹyin, ìṣà àkọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn tí ẹyin pa. Ṣútà ìgbà yẹn kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ àbúrò púpọ̀ lóòjọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ìṣà máa wáyé títí wọ́n fi di fíngálìn tó ṣeé tà. Fún ẹni tó ra fíngálìn tàbí júfẹ́náì láti tọ́ dàgbà, kí ó ṣà á lọ́jọ́ tó rà á, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá di oṣù méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí wọ́n bá dọ́gba tí wọ́n sì ń yó, kò pọn dandan mọ́. Ẹja tó ti lé ní ìdajì kílò kì í sábà wọ ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣà tó bá wá lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ọjà ni. Ṣíṣà lójoojúmọ́ náà kò dára. Gbogbo ìgbà tí a bá kó ẹja jáde ni a ń bó o lára, ọjọ́ oúnjẹ kan sì ń lọ.

Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣútà ni kí a kó pọ̀ sójú kan, kí a fún ní hóró tó bá ẹnu wọn mu. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ dé ọjà, owó wọn ni a óò fi ra fíìdì fún àwọn yòókù. Àwọn ti àárín ni ọ̀pọ̀, àwọn ni òwò náà dúró lé. Àwọn kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn dàgbà. Bí a bá yọ wọ́n kúrò lábẹ́ àgbà, tí wọ́n rí oúnjẹ jẹ láìsí ẹni tó ń lé wọn, ọ̀pọ̀ á yára dàgbà. Àwọn tí kò bá gbéra lẹ́yìn oṣù kan, kí a tà wọ́n fún àwọn tó ń yan ẹja gbígbẹ.

Ibi tí owó ń gbà lọ

Nínú owó tí a ń ná lórí àrọ̀ láti kékeré dé ọjà, fíìdì máa ń gba bíi ìdá mẹ́fà sí méje nínú mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí ẹja tó bá parẹ́ fi kọjá iye tí a fi ra ọmọ rẹ̀. Bí ṣútà bá gbé júfẹ́náì tó wọn gíráàmù 50 mì, gbogbo fíìdì tó sọ ọ́ di gíráàmù 50 ti wọ inú ṣútà náà, ṣùgbọ́n ṣútà kò ní fi gíráàmù 50 wúwo sí i. Díẹ̀ níbẹ̀ ló ń di ẹran ara. Ìyókù ń di ìgbẹ́ àti agbára tó fi ń wẹ̀. Ó sì fẹ́ràn èyí ju fíìdì lọ, nítorí náà á máa ṣe é lọ. Ẹja ńlá tí àlejò ń yìn ló ń jẹ oúnjẹ tó wọ́n jù nínú ọgbà.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó fíìdì tó ń wá láti òkè òkun ti gun òkè, àgbàdo àti sóyà tí a fi ń ṣe tilé náà sì ti tẹ̀ lé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n dín oúnjẹ kù: ẹ̀ẹ̀mẹta di ẹ̀ẹ̀kan. Owó tí wọ́n rò pé àwọn ń fi pamọ́, inú ṣútà ló ń wọ̀. Bí owó fíìdì kò bá tó fún ẹja 1,000, ó sàn kí a sin 500 kí wọ́n yó, ju kí a kó 1,000 sómi kí wọ́n fi ara wọn ṣe oúnjẹ dé 500. Iye kan náà ni a óò kó jáde, ṣùgbọ́n owó ọmọ 500 àti fíìdì tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó parẹ́ á wà lápò.

Níbi tí a ti ń ra ọmọ ẹja ni ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀. Kí a bi ẹni tó ń tà á ní ọjọ́ tí ẹyin wọn pa. Kí a wo inú báfù dáadáa: bí àwọn tó wà níbẹ̀ bá rí bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí a ní kó ṣà wọ́n kó tó kà wọ́n. Kí a má ra díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan, díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí a wá dà wọ́n pọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má ṣe fi ọmọ tuntun dí àlàfo àwọn tó parẹ́ nínú táńkì àwọn àgbà. Oúnjẹ ni a gbé fún wọn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dé ìpìlẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà: ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba wà ní Àràgà ní Ẹ̀pẹ́, Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe (Pólì) títí di 2022, sì wà ní Ìkòròdú.

Ohun tó kù ni ìwé. Kí táńkì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kí a kọ iye tó wọlé, iye òkú tí a fojú rí, àti iye tí a kà lọ́jọ́ ìṣà. Kí a yọ òkú àti iye tí a kà kúrò nínú iye tó wọlé. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni àwọn tí kò léfòó. Bí iye yẹn bá kéré sí ti òkú tí a rí, kí a gbájú mọ́ omi àti àrùn. Bó bá ju ti òkú lọ, tí ògiri wa kò yẹ̀, tí àwọ̀n orí táńkì kò ya, a ti pẹ́ ká tó ṣà. Kí a fa ọjọ́ ìṣà tó ń bọ̀ wá sí iwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti ojúmọ́.